Ìdáhùn Tó Gùn Tó Àsálà Kan

Ìlọ́bù, nítòsí Òṣogbo.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D tó padà wá kọ́ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ara ńkọ́? Ilé tuntun ńkọ́? Ìbàdàn ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀gá ńkọ́? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Níwájú nínú ìwé yìí, wàá rí i pé irú ìkíni rẹpẹtẹ báyìí gan-an ló kó mi sí ìyọnu tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Nítorí náà, mú ẹyọ kan nínú wọn kí o dáhùn, kí o sì fi ìyókù jì mí.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń sá aṣọ, nígbà tí bàbá rẹ figbe pè mí bí ẹni tí ilé ń jó. Wọ́n ní, "Tíṣà! Tíṣà! Wọ́n ti gba ọmọ rẹ sí iṣẹ́ pátápátá!" Mo sáré wọlé, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jó. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jó, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí. Bàbá rẹ ní kí n rọra, pé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí lọmọ wa ń lò, a ò tíì gbọ́ pé ó ń ya ti orúnkún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìròyìn náà ti dé Ìfọ́n, nítorí ẹnu bàbá rẹ kò ní ìlẹ̀kùn. Ìyá Wúrà tó ń ránṣọ ní òdìkejì ilé wa wá bá mi. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ mi ti ń fi ẹ̀rọ wo orí èèyàn, ṣé o lè bá òun wo orí ọmọ òun, kí òun mọ irú èyí tó yàn wá láti ọ̀run. Mo ní orí tí ìwọ ń wò ni èyí tí a ń dé fìlà lé, kì í ṣe ti ọ̀run. Ó ní ìyẹn náà kò burú, kí o ṣáà bá òun wò ó. Torí náà, bí o bá rí obìnrin kan pẹ̀lú ọmọ gíga kan ní ẹnu ọ̀nà yín, má ṣe sọ pé mi ò kìlọ̀ fún ọ.

Wàyí o, ìwé gígùn ni mo fẹ́ kọ, mi ò sì ní kọ irú rẹ̀ mọ́. Má ṣe ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré lo ti máa ń wo ìdáhùn ìṣirò lẹ́yìn ìwé kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìròyìn kan wà níbẹ̀ nípa Bọ̀ọ̀dá rẹ Àjàní, mi ò sì fẹ́ kí o bá a pàdé láìgba ọ̀nà tí èmi gbà débẹ̀. O mọ ohun tí mo ti ń tọrọ láti ìgbà tí o wà ní pírámárì kìíní: kí àbúrò mi kan ṣoṣo tún kí mi, kí ó pè mí ní "Àǹtí mi" bó ṣe máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń bẹ Ọlọ́run fún nǹkan ńláńlá. Èmi, "ẹ kú àárọ̀" ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé tí o kà ti pọ̀ ju tèmi lọ, aṣọ rẹ nìyẹn. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ kó jáde fún ọ lónìí.

Ẹ̀kínní: má ṣe bínú sí ẹni tí kò kí ọ.

O mọ̀ pé ọmọ Ìfọ́n ni mí kí bàbá rẹ tó gbé mi wá sí Ìlọ́bù. Bàbá rẹ ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ láti ẹ̀yìn báyìí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìlọ́bù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Irọ́ ni. Ìfọ́n ni wọ́n ti kọ́ mi. Ní agbo ilé wa, bí ọmọ bá jí, yóò kúnlẹ̀ yí ilé ká ni, kò sí àgbà tó gbọdọ̀ fò. Nígbà tí mo di tíṣà, mo gbé e dé kíláàsì. Ọmọ tí kò bá kí mi ní ẹnu ọ̀nà, pàṣán mi mọ ọ̀nà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìkíni ni mo fi ń wọn èèyàn nígbà náà. Ẹni tó kí mi dáadáa, ọmọlúàbí ni. Ẹni tí kò kí mi, mi ò bèèrè nǹkan míì mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí Àjàní parí ẹ̀kọ́ tíṣà nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún wa ní Ìfọ́n. Inú wa dùn. Àwọn ohùn tó ń gbọ́ ti dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa wá kí i káàbọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà ilé, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àjàní, káàbọ̀! Ṣé àlàáfíà lo dé? Ara ńkọ́? Àwọn dókítà ńkọ́? Ṣé o ti jẹun? O ò rí i bó ṣe sanra?" Gbogbo ilé ń wo Àjàní. Àjàní ń wo ògiri. Kò dọ̀bálẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro, ojú rẹ̀ kàn wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí apá àga tó jókòó lé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi rò pé ńṣe ló fẹ́ fẹ̀yìn tì dáadáa.

Ìtìjú bò mí. Èmi tíṣà, tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìkíni, àbúrò mi ń wo ògiri lójú àwọn bàbá wa! Mo dìde, mo fọ́ ọ létí. Mo ní, "Ṣé àìsàn la ní kí wọ́n wò fún ọ ni, àbí ìgbéraga la ní kí wọ́n fi kún un?" Àjàní gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí apá àga, ó fi sí ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kí mi mọ́.

Àṣàkẹ́, ó ń dùn mí títí di òní tí mò ń kọ ọ́ yìí. Wọn yóò mú àwọn èèyàn wá bá ọ tí wàá kí, tí wọn ò ní dáhùn. Wọn yóò wò ọ́ bí ẹni ń wo ògiri. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, yóò ká ọ lára. Ọwọ́ rẹ lè má nà wọ́n, ṣùgbọ́n ojú náà máa ń na èèyàn. Rántí ọwọ́ mi tó yára, kí o sì kó ojú rẹ ní ìjánu.

Ẹ̀kejì: má ṣe pe ẹni tó ń gbọ́ ohùn ní òpùrọ́.

Kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù ni èyí ṣẹlẹ̀. Àjàní yóò jókòó sábẹ́ igi ọsàn, yóò máa dá ẹnì kan lóhùn. Mo bi í pé ta ni. Ó ní àwọn kan ń sọ̀rọ̀ nípa òun lẹ́yìn ilé. Mo mú un lọ́wọ́, a jọ yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Ṣé o rí i? Kò sẹ́nì kankan. O ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́." Mo rò pé mo ti wò ó sàn nìyẹn! Àfi bí ìgbà tí ebi ń pa èèyàn, tí mo wá mú un yí oko po láti fi hàn án pé kò sí iṣu níbẹ̀.

Ìwọ lo là mí lójú, nígbà tí o wá lo ìsinmi nínú òjò yìí. O rántí? Mo se àsálà, a jókòó sí ẹ̀yìn ilé. Mo bi ọ́ pé kí ni àìsàn yìí ń jẹ́ gan-an, o ní sìkìsofirẹ́níà. O pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá rẹ ní àwọn gbọ́ orúkọ mẹ́fà. Lo wá mú àsálà kan, o fọ́ ọ, o gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ.

O ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó. Èèpo tó le yìí ni agbárí. Ohun funfun inú rẹ̀ ni ọpọlọ, ó sì pín sí méjì báyìí." O fi ìka kàn mí ní ẹ̀bátí, lókè etí. "Ibí ni èèyàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí, apá ibẹ̀ máa ń kéré díẹ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ṣé ìyẹn ni pé Àjàní gbọ́ ohùn yẹn lóòótọ́?"

O ní, "Ó gbọ́ ọ, Mọ́mì. Etí ẹlòmíràn ni kò gbọ́ ọ."

Ńṣe ni mo gbé àsálà tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń na ọmọ fún irọ́, ẹni àkọ́kọ́ tí mo sì pè ní òpùrọ́ láìjẹ̀bi ni ọmọ ìyá mi. Nítorí náà, bí aláìsàn kan bá sọ fún ọ pé ẹnì kan ń bú òun láti inú ẹ̀rọ yín, má ṣe bá a jiyàn, má sì ṣe díbọ́n pé ìwọ náà gbọ́. Sọ fún un pé ìwọ ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ, ó sì dájú pé ó ń dẹ́rù bà á. Ohun tí ó yẹ kí n sọ lábẹ́ igi ọsàn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: má ṣe rán wọn níṣẹ́ mẹ́ta pọ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú, tí mo mú Àjàní wá sọ́dọ̀ wa ní Ìlọ́bù, mo máa ń sọ fún un pé, "Lọ ra iyọ̀ wá, bó o bá ń bọ̀ kí o yà bèèrè aṣọ mi lọ́dọ̀ Ìyá Wúrà, kí o wá bu omi sí àmù ẹ̀yìn ilé, má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn." Yóò dúró. Mo tún sọ ọ́, ohùn mi á ga. Á jáde lọ, á dé orígun ilé, á dúró síbẹ̀. Mo ní ọ̀lẹ ni. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló máa ń gbégbá orókè nínú ìṣirò ní ilé ìwé wa!

Lọ́jọ́ àsálà yẹn, o gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi. O ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ni èèyàn fi ń to nǹkan: èyí lákọ̀ọ́kọ́, èyí tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ náà la fi ń di ọ̀rọ̀ mú títí a ó fi lò ó, ibẹ̀ la sì ti ń rí ìfẹ́ láti dìde ṣe nǹkan. O ní nígbà tí apá yìí kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, èèyàn lè mọ ìṣirò síbẹ̀, kó má mọ èwo nínú iyọ̀ àti omi ló yẹ kó ṣáájú. O tún ní oògùn máa ń lé ohùn lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n kì í sábà tún ti iwájú orí yìí ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí Àjàní ń gbà ní Òṣogbo lóṣooṣù, ohùn ló ń ṣọ́. Ìyókù, ọwọ́ wa ló wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́ kan ṣoṣo. Iyọ̀. Bó bá dé, mo dúpẹ́. Ó di aṣọ. Bàbá rẹ wá ya ilẹ̀ kékeré fún un lẹ́yìn ilé kó gbin ata, nítorí pé ebè kan ni èèyàn ń kọ lẹ́ẹ̀kan, ebè kì í sọ pé kí o yára. Àṣàkẹ́, wá wo ebè! Okùn ló fi wọ̀n wọ́n. Ebè mẹ́jọ, ọ̀kan ò gùn ju èkejì lọ. Àwọn ará Ẹ̀rìn tó ń kọjá lọ wọ mọ́tò máa ń dúró wò ó.

Ẹ̀kẹta tún ni èyí, àbí ẹ̀kẹrin? Ó yá, ẹ̀kẹrin: má ṣe fi wọ́n pa mọ́.

Èyí á pa ọ́ lẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ọ rí. O mọ bí àwa ṣe ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́ra. Mi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ, ìwọ ṣì kéré, ìyá bàbá rẹ bi mí léèrè àbúrò mi. Mo bẹ̀rù pé wọn á ní wèrè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, wọn á sì máa fi ojú yẹn wo ìwọ náà. Ni mo bá ní Àjàní ti ríṣẹ́ sí Jọ́ọ̀sì. Irọ́ kì í dá rìn. Lọ́dún kejì mo ní wọ́n ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún kẹta mo ti fi jẹ ọ̀gá. Ní ọjọ́ kan màmá sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ìyàwó mi, wọ́n ní pòtétò pọ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ṣé ọ̀gá wa ò lè fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo, mo ra pòtétò, mo dì í sínú àpò, mo fi erùpẹ̀ pa á lára kó lè dà bí èyí tó rìn jìnnà. Màmá sè é, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n ní, "Pòtétò Òṣogbo yìí mà dùn ju ti Jọ́ọ̀sì lọ o." Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní! Wọ́n ní, "Lọ mú ọmọ náà wá kí n rí i. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ ni wọ́n ń pa lówe. Èmi bí mẹ́sàn-án, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá bímọ kò gbọdọ̀ fi ti ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín." Àwọn ló kọ́kọ́ gba Àjàní sínú ilé yìí, kì í ṣe èmi.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé wọ́n fún ọ ní fọ́ọ̀mù, wọ́n bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé rẹ ní àìsàn ọpọlọ, o sì fi àyè náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ gàdàgbà. Kọ "àbúrò ìyá mi" síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá tìtorí rẹ̀ wò ọ́ ní ìwòkuwò, fi pòtétò ránṣẹ́ sí i.

Ohun kan tún wà kí n tó gbàgbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀rọ yẹn wà, mo fẹ́ mú Àjàní wá kí ẹ yà á, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi tí àìsàn náà wà fún mi. O rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n o kò fi mí ṣẹ̀sín. O ní yàrá kéékèèké wà láàárín ọpọlọ tí omi wà nínú wọn, lára àwọn aláìsàn yìí wọ́n sábà máa ń fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní bí wọ́n bá gbé àwòrán ọgọ́rùn-ún èèyàn síwájú rẹ, o ò lè fi ìyẹn ṣa àwọn aláìsàn. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹ̀, ti aláìsàn lè má fẹ̀. Kì í ṣe èpè ló fẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àìkọ́ ọmọ. Àwọn bí èmi á wá bá ọ pé, "Ẹ fi wèrè náà hàn wá." Bí o ṣe dá mi lóhùn ni kí o ṣe dá wọn lóhùn. Ọpọlọ lẹ ń yà. Ẹ ò tíì ní ẹ̀rọ tó ń ya ọmọlúàbí.

Ó dára. O lè ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn wàyí, bí o kò bá tíì ṣí i.

Kí o tó padà sí Ìbàdàn, o sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ̀ ń kí Bọ̀ọ̀dá jù. Ẹ kí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró." Mo ní ó tán? O ní ó tán. Mo rò pé ó rọrùn. Lọ́jọ́ kejì mo ní, "Àjàní, ṣé o jí ire?" mo sì dúró. Mo ka ení, mo ka èjì, kí n tó dé ẹ̀ta ẹnu mi ti ní, "Ara ńkọ́? Oorun ńkọ́? Òjò àná ò ba nǹkan jẹ́?" Bàbá rẹ tó ń wò wá láti ojú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ṣe báyìí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, mo mọ òwe náà, mo sì ti fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì gbọ́.

Bàbá rẹ ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, fi nǹkan dí i." Wọ́n bó àsálà kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, mo bá Àjàní níbi ebè rẹ̀. Mo ní, "Àjàní, ṣé o jí ire?" Mo sọ àsálà sẹ́nu. Mo ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àjàní ń wo ata. Mo ń jẹ. Ó ku díẹ̀ kí n gbé èyí tó kẹ́yìn mì, ni àbúrò mi yíjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí mi."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ẹnu mi kún fún àsálà. Mo fẹ́ bèèrè ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rántí rẹ. Mo bèèrè ẹyọ kan: "Kí ló dé tí o kò kí mi láti ọjọ́ yìí?" Mo sọ àsálà míì sẹ́nu. Ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ní, "Mo máa ń dá yín lóhùn. Ẹ kì í dúró gbọ́."

Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo bèèrè, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ afẹ́fẹ́ bí ẹni tí àga wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn ní Ìfọ́n, mo ti ń dìde bọ̀."

Ọmọ mi, ó ń dìde bọ̀. Apá àga tí mo rò pé ó ń fẹ̀yìn tì sí, ó fẹ́ fi dìde dọ̀bálẹ̀ fún àwọn bàbá wa ni. Ká ní mo jẹ àsálà kan lọ́jọ́ náà, ì bá ti délẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un láàárín ebè, mo ní kó dárí jì mí, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń kọjá. Ó wò mí. Mo dúró. Ó ní, "Ẹ dìde, Àǹtí mi. Ilẹ̀ tutù." Ó fún mi lọ́wọ́, mo fi dìde.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kí mi ní àràárọ̀. Àsálà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé. Bàbá rẹ náà ń jẹ ẹ́, wọ́n ní àwọn náà ń kọ́ sùúrù, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, awakọ̀ á kó o fún ọ. Fi sí àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ. Bí o bá kí aláìsàn, sọ ọ̀kan sẹ́nu. Má mu omi lé e kíákíá o, ó máa ń korò.

Ìwọ á máa ṣe kàyéfì pé lẹ́tà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí ló dé tó fi dé ọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ dé ibí, mo gbé bírò fún Àjàní, mo ní, "Kí Àṣàkẹ́." Ọjọ́ mẹ́rin ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì. Mi ò rán an létí, mi ò kí i lẹ́ẹ̀mejì, bàbá rẹ ni ẹlẹ́rìí mi. Lónìí Ọjọ́bọ̀, mo ti ọjà dé, mo sì bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi ń gba ipò kìíní nígbà yẹn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ti ń kọ́ bí a ṣe ń dúró.

*Àṣàkẹ́, o kú iṣẹ́. Ata ti pọ́n. Máa bọ̀, mo ń dúró.*
*Àjàní.*